Àyè Ṣí

Wọ́n lẹ pátákó mọ́ géètì kan lójú ọ̀nà Ìkìrun:
À Ń WÁ ÒṢÌṢẸ́.
Ajórin mẹ́ta, ẹni tó lè wa fọ́kílíìfù kan,
ẹnjiníà kan tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá,
kó má sì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ.
Gàníyù kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Àwẹ̀ró, ṣé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́ ni?"
Síbẹ̀ a tò.
Ìlà náà gùn láti ẹnu géètì dé ìdí igi máńgòrò,
àwa ogóje èèyàn, fún àyè márùn-ún.
Ẹnìkan ń ta omi tútù, ẹnìkan ń ṣe ẹ̀dà sátífíkéètì;
àwọn méjèèjì nìkan ló rówó lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi, Bùsàrí, ti bá irin ṣọ̀rẹ́ kí n tó dáyé.
Ìdí ẹ̀rọ léètì ló fi ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí;
ó ní òun yá iléeṣẹ́ ni, wọn ò tíì dá a padà.
Nígbà tí iléeṣẹ́ kógbá sílé
pẹ̀lú owó oṣù mẹ́rìndínlógún lọ́rùn,
ohun tó gbé wálé ò ju kálípà kan lọ.
Gbogbo Jímọ̀ ló ń fi òróró pa á.

Èmi ríṣẹ́ ṣá.
Lẹ́tà mọ́kànléláàádọ́rin, ẹyọ kan ló fèsì.
Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo rí ò ní géètì,
kò ní fèrè àárọ̀, kò ní aṣọ iṣẹ́.
Ọ̀gá mi ń gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́,
n kò rí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ rí,
orí àti èjìká nìkan ló ń wá síbi iṣẹ́.
Mo ń ya fáàfù omi fún wọn, kọ̀ǹpútà lórí itan,
nínú yàrá wa ní Òkè-Báálẹ̀,
lóru, nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n lọ́dọ̀ tiwọn.

Ìyá Sìkírá ti sọ fún gbogbo àdúgbò
pé oorun ọ̀sán ọmọ yìí ti pọ̀ jù,
kó má lọ jẹ́ yahúù ló ń ṣe.
Gàníyù ṣì ń lọ sídìí géètì ní gbogbo ọjọ́ Ajé;
ó ní ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ti ń kí òun ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá.
Bàbá mi ò sọ púpọ̀. Ó kàn bi mí lẹ́ẹ̀kan:
"Irin wo lo ń fọwọ́ kàn nínú iṣẹ́ yìí?"
N kò rí èsì fọ̀.

Lóru ọjọ́ kan tí iná ọba wà,
ó dìde láti ṣàlùwàlá, ó dúró lẹ́yìn mi.
"Yí i padà. Dúró.
Ojú ihò yìí, bóòtì wo lo fẹ́ kó gbà?"
Mo sọ fún un.
"Bóòtì á wọlé. Sípánà ńkọ́?
Ògiri yìí á há a.
Ọwọ́ ta ni yóò débẹ̀ láti dè é?
Ẹni tó ya eléyìí ò tíì fọwọ́ kan gírísì rí."
Èmi ni mo yà á.
Ó na ọwọ́ oníka mẹ́rin sójú kọ̀ǹpútà,
ó fi hàn mí bí sípánà yóò ṣe yí.
Mílímítà méje ni mo fi sún ògiri yẹn sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, orí àti èjìká ní mo káre.
Ta ló kọ́ mi láti máa ro ti ẹni tó máa tú u?
Mo ní iléeṣẹ́ kan ní Òṣogbo ni.
Ó ní ṣé wọ́n ṣì wà.
Mo bojú wẹ̀yìn: ó ń nu kálípà rẹ̀.
Mo ní, "Ó ku ẹnìkan."

Nígbà tí mo rò ó fún bàbá mi, kò rẹ́rìn-ín.
Ó ní, "Bi wọ́n bóyá àyè ṣí."
Ó tún ní, "Sọ fún wọn pé n kò gbọ́ òyìnbó dáadáa.
Irin náà ò kúkú gbọ́ ọ."
Mo fẹ́ dáhùn, iná lọ.
Nínú òkùnkùn mo ń gbọ́ kálípà,
ó ń ṣí, ó ń pa dé, ó ń ṣí.